Ọwọ́ Tó Ṣẹ́kù Nínú Ọkọ̀ Clifford

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní wèrè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró, n kò sì mutí lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi.

Ìtòsí ìlú Louth, nílẹ̀ Òyìnbó, ni à ń gbé, níbi tí atẹ́gùn òkun ti máa ń wọ èèyàn dé egungun. Aládùúgbò mi ni Clifford. Ọkọ̀ àtòpọ̀ ló ní, irú èyí tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ síni ní wẹ́wẹ́ nínú àpótí, tí ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Ẹni tí wọ́n kó o ránṣẹ́ sí yóò ra ògbólógbòó ọkọ̀ kan, yóò yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ti Clifford fi kógbá sílé. N kò rí ìkejì rẹ̀ rí.

Òun àti Doreen ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ tò ó. Àwọn tó ń to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àṣà kan. Nígbà tí oje tó ń lẹ fáíbà pọ̀ bá ṣì rọ̀, wọn a tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn níbi tí ojú kò ní tó, kí ọkọ̀ lè mọ ẹni tó bí i. Doreen tẹ tirẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú ìjókòó èrò. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Tèmi di ọjọ́ tó bá parí," ni Clifford wí.

Ọkọ̀ àwọn èèyàn yìí kì í parí. Lónìí, iná iwájú kò tọ́. Lọ́la, ilẹ̀kùn ń dún. Doreen a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Clifford, àbí ó di ìgbà tí mo bá kú?" Gbogbo wa a rẹ́rìn-ín. Ó sì kú lóòótọ́, àyè náà ò sì ní nǹkan kan nínú.

Nígbà tó yá, ojú Clifford di bàìbàì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ó bá wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stuart ló wá, ó sì ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára bí ẹni ń rẹ ẹṣin lẹ́kún. Ọ̀sán ìgbà òtútù ni, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, bó ṣe máa ń tètè ṣú nígbà yẹn.

"Bàbá, ẹ mà tọ́jú ẹ̀ o."

"Kò tíì parí."

"Ẹ̀yin náà! Kí ló tún kù?"

Clifford wọ ìjókòó èrò, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ tí ayùn ti gé orí àtàǹpàkò rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tíì tí mo pò fún un tutù sórí bẹ́ǹṣì.

"Cliff, jáde wá. Òtútù á pa ẹ́."

"Mo ṣèlérí fún un," ló wí. "Oje ò sì sí nílé. Ọwọ́ gbígbẹ ni mo ní."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn. Mo mú un jókòó sórí àga rẹ̀ nínú gáréèjì. Kò wo ọkọ̀ náà mọ́.

Stuart ní kí n bá òun dé ilé epo, torí jíà rẹ̀ ṣòroó mọ̀. Mo jókòó sí ìjókòó èrò. A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. A já sí pápá.

"Kí ló ń rùn?" ni Stuart bi mí.

Oje fáíbà ni. Mo mọ òórùn náà, ó máa ń ta èèyàn nímú. Kò sì sẹ́ni tó pò ó láti ìgbà tí Doreen ti kú.

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Stuart kọ́ ló pa á. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Mo wá gbọ́ ìró kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ ọwọ́ mọ́ ẹrẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Mo nawọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ Doreen wà níbẹ̀, ó le, ó tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìka mi rì sínú ohun tó rọ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ńlá ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní orí.

"Yí i padà."

"Kí ló dé?"

"Stuart, mo ní kó o yí i padà!"

Kò tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì fi jí.

Clifford ṣì wà lórí àga. Ó ti kú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n tó bò ó. Kò sí ilà kankan mọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó.

Stuart kò fẹ́ ọkọ̀ náà mọ́. Ó di tèmi. Oje fáíbà kì í pẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, ọwọ́ Clifford kò gbẹ. Mo ti búra pé n kò ní wò ó mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo wò ó láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ Doreen, tó ti le bí òkúta kí irun mi tó funfun, ìka kékeré rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ti gun orí ti ọkọ rẹ̀.