Orúkọ Tí Ìyá Fágbénlé Fi Pamọ́

Ìgbà kẹrin rèé tí Ìyá Fágbénlé fi ìka kan ṣoṣo tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ìgbà kẹrin náà rèé tí kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé kì í ṣe òun.

"Ummu, ṣé ẹ̀rọ yín yìí ò mọ̀ mí mọ́ ni? Èmi tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ummulkulthum ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti àná. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ti parí ìwé mẹ́wàá, ó sì ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Tawheed ní Adigbe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ nìyí: ìkànnì fún àwọn obìnrin mẹ́rìnlá tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, kí kálukú lè tọ́jú àwòrán ọnà tuntun rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà wò ó ṣe. Lọ́la ni gbogbo wọn ń bọ̀ wá wò ó.

Ọ̀gá ti kọ́ ọ pé a kì í fi pásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni pamọ́ bó ṣe wà. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́, bí ẹni lọ ata, títí á fi di lẹ́tà jákujàku tí kò yé ẹnikẹ́ni. Èyí tó ti lọ̀ náà ló ń tọ́jú. Bí ẹni tó ni ín bá padà dé, ẹ̀rọ á tún lọ èyí tó tẹ̀, á fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ó wọlé nìyẹn. Ti Ummulkulthum kò bára mu rárá.

"Ìwọ náà fẹ́ràn wàhálà," ni Bólúwatifẹ́ wí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. "Yọ lílọ̀ yẹn kúrò jàre. Jẹ́ kó tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa lọ tú ìdí ẹ̀ wò?"

"Mo ti sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó máa rí i."

"A ò kúkú ní wò ó. Àbí ìwọ fẹ́ wò ó ni?"

Ummulkulthum rẹ́rìn-ín. Ó lọ kírun Alásàárì, ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi sàlámà. Nígbà tó dìde, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí ló ṣe.

L'Ọ́jọ́bọ̀, àwọn obìnrin náà tún forúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn sì wọlé wẹ́rẹ́. "Ọmọ Líṣàbi, o káre!" ni wọ́n ń pariwo. Ọ̀gá Tawheed kò tilẹ̀ bi í bó ṣe tún un ṣe. Ó fọkàn tán an.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Fágbénlé àti obìnrin méjì padà wá fi àwòrán kún tiwọn. Bólúwatifẹ́ ló wà nídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo pásíwọ́ọ̀dù náà sì wà ní gbangba níwájú rẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ wá ná! Ta ni Ṣàngówùmí? Ṣé ọkọ àárọ̀ yín ni, tí bàbá ilé ò gbọdọ̀ gbọ́?"

Àwọn obìnrin méjì náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Fágbénlé kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Òun ló tẹ̀lé Fágbénlé. Ọdún mẹ́ta ló lò láyé." Ó fi ọwọ́ bo orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ yẹn létí mi. Ìka mi nìkan ni mo jẹ́ kó máa pè é." Ó yíjú sí Ummulkulthum tó dúró lẹ́yìn Bólúwatifẹ́. "O ní kò sẹ́ni tó máa rí i."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n yọ àwòrán àwọn kúrò.

"Mo rò pé eré ni," ni Bólúwatifẹ́ wí, omi lójú rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀ fún ẹ."

Ummulkulthum lọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá Tawheed kò pariwo. "Kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà ní gbangba yẹn rẹ́," ló wí. "Lẹ́yìn náà, wá ìdí tí kò fi bára mu. Ìyẹn lo sá fún."

Ó ṣe bisimilá, ó mú èyí tí ẹ̀rọ lọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó sì ń fi tẹ̀sùbáà ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta. Ó ka ti ẹlòmíràn. Àádọ́ta náà ni. Bẹ́ẹ̀ ọgọ́ta ni lílọ̀ yẹn máa ń jẹ́ nígbà gbogbo! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè tí wọ́n ń kó o sí kò gbọdọ̀ ju àádọ́ta lọ, ẹ̀rọ sì ń gé mẹ́wàá ẹ̀yìn dà nù. Nọ́ńbà kan péré ló yí padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀bẹ̀ ló gba ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Ìtòkú, ó ń kúnlẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi, mà. N kò ṣe ohun tí mo ṣèlérí." Àwọn kan lé e. Mẹ́wàá gbà láti padà. Ìyá Fágbénlé ló dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn.

"Fi èyí tí ẹ ó máa rí hàn mí."

Ummulkulthum tẹ pásíwọ́ọ̀dù ara rẹ̀, ó sì fi lẹ́tà jákujàku tó jáde hàn án.

"Èyí náà ni ọ̀gá yín máa rí?"

"Òun náà ni, mà. Èmi náà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dáa. Kọjú sí ògiri."

Ummulkulthum kọjú sí ògiri. Ó ń gbọ́ ìka kan tó ń tẹ lẹ́tà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó dúró sí yẹn ló ti yé e pé ọ̀nà àbùjá tí òun gbà, orí ìyá yìí ni òun gbà kọjá. Àti pé bí ènìyàn bá gba àṣírí ẹlòmíràn pamọ́, àfi kó ṣọ́ ọ gan-an nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wo òun.

"Ó ti jẹ́ kí n wọlé," ni Ìyá Fágbénlé wí.