Ibi Tí Màmá Ń Lọ ní Gbogbo Ọjọ́bọ̀

"Mò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ kí Nọ́ọ̀sì," ni màmá wí. Ó ti wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ jáde, ó sì ń yára bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń fọ aṣọ iléèwé lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Àkọ́bí ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun kò jẹ́ kí àbúrò kankan tẹ̀lé e. Ó ń wo ìyá rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni ilé ìwòsàn wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni màmá yà sí.

Bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Tó bá sì dé, á kàn jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa rán aṣọ àwọn oníbàárà bí ẹni pé òwú ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ogun ló lé wọn wá síbí. Ọta ìbọn ló pa bàbá Àkọ́bí lójú ọ̀nà. Ìjọba ti ṣòfin pé kí opó ogun máa gba owó ìrànwọ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ti màmá kò jáde rí. Gbogbo ìgbà tó bá lọ sí ọ́fíìsì, ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Olóore, á ní, "Ẹ ṣì máa padà wá."

Níléèwé, ọmọ kíláàsì Àkọ́bí kan wà tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í sùn sí i nínú.

"Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o," ni Rédíò sọ fún un, "ṣùgbọ́n mo rí màmá ẹ ládùúgbò Ọ̀gá Olóore. Ohun tí àwọn obìnrin ń bá lọ sílé ọkùnrin yẹn kò ṣeé sọ."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Àkọ́bí ti ń ṣọ́ ìyá rẹ̀. Bí fóònù bá dún, á ta etí. Bí màmá bá rẹ́rìn-ín, á fura. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ìfura náà á tún pọ̀ sí i. Ó lè bi í, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á pé kó má lọ jẹ́ òótọ́.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, ló lọ. "Bàbá Kékeré," ó ní, "wọ́n ní Màmá ń lọ sílé Ọ̀gá Olóore."

Káfíńtà dá ayùn dúró. Kò bi í ní ohunkóhun. Ó mú ọ̀nà ilé wọn pọ̀n, ìyẹ̀fun igi ṣì wà lára rẹ̀. Màmá kò tíì lanu tán tí ìgbájú fi bà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì jẹrà nílẹ̀, o ti ń ba orúkọ wa jẹ́!"

Àwọn ará ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá kò sunkún. Ó wo Àkọ́bí, ó sì mọ ẹni tó sọ ọ́.

"Ilé Nọ́ọ̀sì ni mò ń lọ," ó ní. "Ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn ilé ọkùnrin yẹn ló ń gbé. Ọkùnrin yẹn ní àfi kí n bá òun sùn kí n tó gba ẹ̀tọ́ mi. Mo kọ̀. Àwa tó sọ irú ẹ̀ fún la ń pàdé níbẹ̀, ká lè jọ pè é lẹ́jọ́."

Káfíńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó rí i he lójú títì. Ó yí padà, ó jáde.

Ìròyìn ìgbájú náà tàn kálẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn obìnrin yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ẹnu ti Àkọ́bí ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìyá rẹ̀.

Ohun kan kò kúrò lọ́kàn Àkọ́bí. Ó dúró de Rédíò lẹ́nu géètì iléèwé.

"Ta ló sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn fún ẹ?"

Rédíò tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin," ó ní níkẹyìn. "Opó ogun lòun náà. Ó lọ síbẹ̀, kò sì gbádùn mọ́ látìgbà náà. Mo rò pé tí mo bá ń sọ ti ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó máa rántí tiwa."

Àkọ́bí mú un lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, èmi ni mo sọ fún Bàbá Kékeré. Ẹ má bínú."

"Mo mọ̀. Kí ló dé tí o ò bi mí?" Màmá mí kanlẹ̀. "Ó yẹ kí èmi náà ti sọ fún ẹ. Mo rò pé etí ẹ kéré sí i."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ bá ẹ̀gbọ́n Rédíò, wọ́n sì jọ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn obìnrin yòókù. Ẹ̀gbọ́n Rédíò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú agbẹjọ́rò. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Wọ́n yọ Ọ̀gá Olóore níṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà kò tíì parí, ó sì ń sọ pé wọ́n purọ́ mọ́ òun ni. Ṣùgbọ́n màmá ti ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ báyìí lọ́wọ́ ẹlòmíì, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrèkúbèérè.

Nígbà tí káfíńtà wá bẹ̀bẹ̀, màmá kò jẹ́ kó wọlé. "Ìta ni wọ́n ti gbọ́ ìró ìgbájú yẹn," ó ní. "Ìta náà ni kí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Ó sì bẹ̀ ẹ́ níta, lójú gbogbo ará ilé.

Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fura, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Owó ìrànwọ́ opó kì í ṣe oore ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ ni, kò sì sí obìnrin tó yẹ kó fi ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ kó tó gbà á.