Ọrùn Alùpùpù Bàbá Tíṣà

Ọkùnrin náà ń ti ọmọlanke bọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, alùpùpù kan tó ti dípẹtà sì dùbúlẹ̀ lórí ọmọlanke náà bí aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi apá nu ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mò ń wá."

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn," ni obìnrin tó wà nídìí tábìlì irin dáhùn.

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Obìnrin náà nìkan ló wà níbẹ̀, tòun ti ṣòkòtò tí iná ti dá lu káàkiri àti awò dúdú tó gbé sórí. Àǹtí Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é látọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú tí kò sì ti ṣọ́ọ̀bù pa.

"Ẹ má bínú. Mo rò pé..."

"Ẹ rò pé màá nírùngbọ̀n."

Bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ gbé alùpùpù sọ̀ kalẹ̀, aláǹgbá kan yọ láti inú iná iwájú alùpùpù, ó fò sílẹ̀ gbì. Àǹtí Wẹ́dà pariwo "Yéè!", ó ti dórí tábìlì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá iná ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yin náà laláǹgbá ń lé gun tábìlì?"

"Ẹ gbé aláǹgbá yín kúrò ńbẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀!"

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Tíṣà ni ọkùnrin náà, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ẹ̀yìn títì. Bàbá rẹ̀ ló ni alùpùpù yẹn. Orí rẹ̀ ni bàbá ti gbé ìyá rẹ̀ wálé níyàwó, orí rẹ̀ náà ló sì ti ṣubú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí bíréèkì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ṣáájú afárá. Bàbá ò dìde mọ́. Látìgbà náà ni ìyá ti fi tapólì bo alùpùpù náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì búra pé òun ò ní í rí i lójú títì mọ́ láyé òun.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe sí i?"

Tíṣà fa ìwé kan yọ lápò. Ó ti ya àwòrán sí i: ẹsẹ̀ iwájú gùn, ó nà síwájú gbọọrọ, ìjókòó wálẹ̀, ọwọ́ ìdarí ga sókè. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi lè wò ó kó má rántí ọjọ́ yẹn. Nǹkan bàbá mi kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, mi ò fẹ́ kó jẹrà sí abẹ́ tapólì."

Àǹtí Wẹ́dà wo ìwé náà dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí alùpùpù nà báyìí, àfi kó gé ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ iwájú ti wọlé, kó sì tún un jó pọ̀. Ọrùn yẹn ló gbé gbogbo ẹrù dání. Tó bá já lórí eré, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti lọ. Ó yẹ kó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni Tíṣà fi di ìwé pélébé yẹn mú, bí ẹni tó gbé omi kíkún, rárá náà ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ti jáde ni Tíṣà ń bọ̀ pẹ̀lú rúlà àti pẹ́ńsù. Ó ń wọn ibí, ó ń wọn ọ̀hún.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa wọn tèmi náà, kẹ́ ẹ sọ iye tí mo gùn?"

"Mo ti fojú wọ̀n ọ́n. Ó pé."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin yìí o!"

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó yí padà.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, bàbá Àǹtí Wẹ́dà ló fi lélẹ̀. Ojú irin kọ̀ọ̀kan tí a bá jó pọ̀ yíká tán, tí a fi òòlù gbá a, tí a wò ó dáadáa, a ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ká tó kun ọ̀dà, a ó ka ìlà. Alùpùpù Tíṣà ní ojú méjìdínlógún.

Ọjọ́ ọrùn dé. Àǹtí Wẹ́dà kọ́kọ́ kàn án mọ́ra ní ibi mẹ́rin, bí aránṣọ ṣe ń fi abẹ́rẹ́ so aṣọ pọ̀ kó tó rán an. Tíṣà wọ̀n ọ́n, ó ní ó gún régé. Àǹtí Wẹ́dà jó òkè, ó jó ọ̀tún, ó jó òsì. Ó ku abẹ́. Ó ti na ọwọ́ láti dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbà tí Tíṣà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀rù kan ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Bí nǹkan yìí bá parí, kí ni màá fi ṣe àwáwí tí màá fi máa wá síbí?"

Àǹtí Wẹ́dà gbé awò dúdú sókè. Ojú Tíṣà ò fẹ́ dúró sójú kan.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Tíṣà wí. "Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ẹnu mi ti sọ ọ́."

"Ẹnu rẹ nìkan?"

"Àti gbogbo ara mi."

Àǹtí Wẹ́dà gbé irin sílẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi rọlẹ̀, wọ́n ń sọ ìsọkúsọ tí àwọn olólùfẹ́ máa ń sọ. Lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Ó fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara irin dí ọrùn náà yíká, ó fi fáìlì ha á títí ó fi ń dán, ó kun ún ní ọ̀dà dúdú. Kò ka ìlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ti mọ ohun tó gbàgbé. Òun ò mọ̀, Tíṣà náà ò mọ̀.

Ìyá Tíṣà ní tiẹ̀ fárígá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ti tún alùpùpù ṣe, pé òun sì ti rí ẹni tóun fẹ́ fẹ́ níbẹ̀, ó ní, "Ẹni tó jí nǹkan yẹn dìde? Mi ò fẹ́ alùpùpù, mi ò sì fẹ́ obìnrin náà. Ọkọ tí mo sin ò tó ni, àbí o fẹ́ kí n sin ọmọ náà?" Tíṣà bẹ̀ ẹ́ fún odindi oṣù kan. Níkẹyìn, ìyá ní kó gbé alùpùpù náà wá sílé kóun kàn wò ó.

Ní àárọ̀ Sátidé, Tíṣà wọ aṣọ mímọ́, ó gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ gígùn náà, ó juwọ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà dùn. Àǹtí Wẹ́dà mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó gbójú sókè.

Ó ka ìlà. Mẹ́tàdínlógún.

Ó fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún un kà. Mẹ́tàdínlógún.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rántí ojú irin lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé abẹ́ ọrùn, ó rí bẹ́ǹṣì, ó rí ara rẹ̀ tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. "Mo gbé!" ló wí. Káfíńtà òdìkejì ń kí i, ó sáré kọjá lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ káfíńtà ló gbé, ó fò lé e, ó sì ń wa á bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Àfi kó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣáájú afárá yẹn kó tó dé ilé ìyá Tíṣà, kò sọ́nà míì. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń wo inú gọ́tà lọ́tùn-ún lósì, ó ń wá ọ̀dà dúdú, ó ń wá aṣọ mímọ́, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kóun má rí i. Ohùn kan nínú rẹ̀ ń sọ pé, padà. Bóyá ó máa dì mú. Bóo bá sọ ọ́ báyìí, o ti ba orúkọ bàbá rẹ jẹ́ nìyẹn, ìyá Tíṣà ò sì ní í gbà ọ́ láéláé. Ó gbọ́ ohùn náà yékéyéké. Kò dúró.

Ó yọ sójú ilé, ó sì rí ohun tó burú ju èyí tó ń bẹ̀rù lọ. Tíṣà wà lórí alùpùpù, ẹ́ńjìnnì ń hó. Ìyá rẹ̀ tó ní òun kàn fẹ́ wò ó ti so gèlè le, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ibi ìtẹ̀sẹ̀, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Kò dúró kí i. Ó wó síwájú alùpùpù lórí eékún, ó yọ fáìlì lápò, ó ń ha abẹ́ ọrùn. Ọ̀dà ṣí, pọ́tì fọ́. Ojú kékeré kan ṣoṣo tó fi kàn án mọ́ra ló wà níbẹ̀; yàtọ̀ sí i, àlàfo tí èékánná lè wọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ òsì pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

"Kì í ṣe irin," ló wí, omijé ń bọ́. "Èmi ni. Mo gbàgbé, mo sì kun ọ̀dà lé e."

Tíṣà pa ẹ́ńjìnnì. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Mo sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn pẹ̀lú ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìyá mi ni mo fẹ́ gbé sórí ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Tíṣà bọ́ sílẹ̀ lórí alùpùpù. Ìyá wo obìnrin tó wà nílẹ̀ náà, ó yíjú, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, Tíṣà ò wá. Àǹtí Wẹ́dà ò lè jẹun, kò lè jó irin kankan. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹnì kan dí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ìyá Tíṣà ni. Àǹtí Wẹ́dà kúnlẹ̀.

"Dìde. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé ojú ò tì ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ó tì mí, Mà. Ó tì mí débi pé ó ṣe mí bíi kí n padà."

"O sì ń bọ̀."

"Mo ń bọ̀, Mà."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹni tó tún bíréèkì ọkọ mi ṣe wá sílé mi lọ́dún kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó sunkún. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an lòun rántí pé òun ò fún nọ́ọ̀tì kan le. Ó ní ojú ti òun láti máa sá tẹ̀ lé oníbàárà lójú títì, lòun bá ní bóyá ó máa dì mú." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ojú tì í. Ìdí tí mo fi dopó nìyẹn. Mi ò sọ fún ọmọ mi rí àfi lánàá. Mo jẹ́ kó rò pé alùpùpù ni. Ọdún mọ́kànlá lèmi nìkan fi ń bẹ̀rù. Ìgbà tí mo rí ọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ yẹn, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún fún ọkọ mi."

Ó gba ọwọ́ dúdú ọmọbìnrin náà mú. "Ẹni tí mò ń tọrọ fún ọmọ mi nìyí, mi ò sì mọ̀."

Ìgbà náà ni Tíṣà yọ síta, ó ń ti alùpùpù náà bọ̀ láti orígun títì.

"Mi ò bínú mọ́," ló wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá ti dijú, Màmá ni mò ń rí nílẹ̀."

"Ìwọ lèmi ń rí."

Wọ́n gé ọrùn náà kúrò pátápátá. Àǹtí Wẹ́dà tún un jó, òkè, ọ̀tún, òsì, abẹ́, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kejìdínlógún sára ògiri. Ìyá jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí iná títí ó fi parí. Nígbà tí Tíṣà fẹ́ gbé ọ̀dà, ìyá ní, "Má kun ibẹ̀. Kí n lè máa rí i."

"Èmi ni mo jó o, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé," ni Àǹtí Wẹ́dà wí, ó sì gun ẹ̀yìn Tíṣà. Kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀.

Tíṣà ò tan ẹ́ńjìnnì. Ó yíjú padà. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ̀rù á máa bà mí. Gbogbo ìgbà tóo bá ti jáde nílé, títí ayé."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ni o sọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ti dá ẹ lóhùn, ọ̀gbẹ́ni," ni ìyá wí. "Ẹ máa lọ. Ẹ rọra o."

Wọ́n lọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n sì kọrí sí. Ìyá dúró sójú títì, ó káwọ́ lérí, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe ń jìnnà lọ, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi gbọ́ ọ tó ń padà bọ̀.