Orúkọ Tí Wọ́n Pè Lẹ́ẹ̀mẹta

Wọnran-wọnran, wọnran-wọnran. Títí di òní, ìró yẹn ṣì ń dún létí àwa tá a ti kúrò ládùúgbò yẹn tipẹ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ń bọ̀ yẹn, ọkùnrin tó ní òun ń bá ìjọba pín àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn pápá. Ìdì kọ́kọ́rọ́ a máa fì ní ìbàdí rẹ̀ bí ọmú ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Aránṣọ àdúgbò wa kó gbogbo owó tó fi pamọ́ fún un kó lè bá a gba ilé kan, ó tún ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, torí yàrá kan ṣoṣo wọn kò gbà wọ́n mọ́. Ohun tó sọ kó tó lọ ni pé, "Ọjọ́ tílé bá dé, ọjọ́ náà lèmi náà dé."

Kọ́kọ́rọ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Aránṣọ gbé ẹní rù, ó dorí kọ ilé tuntun. Ó bá Ìyá Oníbúrẹ́dì, opó tó ń ta búrẹ́dì níwájú òpópónà wọn, lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ìkòkò àti àga.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ wá bá mi yọ̀ ni?"

"Yọ̀ kẹ̀? Ilé mi rèé!"

Àwọn méjèèjì yọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n jọra bí ìbejì, kò sì sí èyí tó ṣílẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́ lójú ilẹ̀kùn ni onílé gidi ti yọ látinú ilé, ọṣẹ lójú, táwẹ́lì ní ìbàdí: "Ta lẹ̀ ń wá?"

Kílẹ̀ tó ṣú, àtẹ̀jíṣẹ́ ìyàwó dé: "Bàbá àwọn ọmọ, ilé ńkọ́?" Aránṣọ tẹ ìdáhùn, ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀, ó tún pa á rẹ́.

Òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Obìnrin ọlọ́pàá kan bi wọ́n pé, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́."

"Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́?"

Wọ́n wojú ara wọn.

"Ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní fún ẹni tẹ́ ò morúkọ rẹ̀?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní, "Kọ́kọ́rọ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mà."

Àwọn ọlọ́pàá ká Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà tí wọ́n fá ìlàjì orí rẹ̀ tán. Ó bẹ́ gba ojú fèrèsé. Aṣọ tí onígbàjámọ̀ fi bò ó lọ́rùn nìkan ló kù sọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ọlọ́pàá náà mú Aránṣọ àti Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ sọ́fíìsì tó ń pín ilé náà, kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ bó ṣe tọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń pe àwọn tí kèké mú. Òfin wọn le: olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fọhùn, ilé di ti ẹni tó kàn.

Akọ̀wé pe orúkọ kan. Ó tún un pè. Ọkùnrin kan lẹ́yìn, tó fa fìlà bo etí, nàró díẹ̀, ó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó padà jókòó.

"Mo ń pè é kẹ́yìn o! Yàrá mẹ́ta, omi ẹ̀rọ ń bẹ nínú ilé..."

"Èmi nìyí! Mo wà ńbí!"

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú padà. "Ohùn wo nìyẹn? Ìwọ, ṣí fìlà!"

Ọkùnrin náà bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Fìlà bọ́, orí yọ: apá kan igbó, apá kan pápá. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni! Ẹni tí ilé yẹn máa kàn tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọlọ́pàá bi í pé, "Ìwọ tó ń talé onílé, kí lo wá ṣe níbí?"

"Èmi náà ò nílé, mà. Yàrá ni mò ń háyà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń forúkọ sílẹ̀."

"O ò ṣe fowó wọn ra tìẹ?"

"Wọ́n máa ń wádìí ibi tówó ti wá níbí. Mo fẹ́ kílé tèmi mọ́."

"Owó wọn dà?"

Ó doríkodò. "Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àga ni mo fẹ́ fi rà."

Wọ́n bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kó pé. Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Aránṣọ forúkọ sílẹ̀, ó bọ́ síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Kò pa á rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí:

"Ìyá àwọn ọmọ, kò sílé. Olè ló gbowó wa, wọ́n ti mú un, wọ́n sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Mo ti forúkọ wa sílẹ̀, àmọ́ ó lè pẹ́ gan-an. Yàrá wa ò fẹ̀ sí i. Màá gbé ẹ̀rọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ́ ẹ lè ráyè sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."