Ọmọ Ìsàmì Kapitán Firmino

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀, Nyá Idalina ń gún àgbàdo tó fẹ́ fi se oúnjẹ kashúpa lẹ́yìnkùlé, ó sì ń bú Redemira. Èyí ò yani lẹ́nu. Gbogbo ará erékùṣù Sanmira ló máa ń bú Redemira kí wọ́n tó fọ ẹnu. Redemira ni ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Òun nìkan ló wà, kò ní orogún, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì á lọ. Bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, wọ́n á ní ooru ló mú un. Tí ẹ bá sì pè wọ́n, orin orílẹ̀-èdè lẹ ó máa gbọ́ títí ẹsẹ̀ á fi ro yín, torí àwọn àgbààgbà ibẹ̀ kì í jókòó bí orin yẹn bá ń lọ.

Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà ju èébú lásán lọ. Ní Àìkú, wọ́n máa sàmì fún ọmọ tí Zulmira, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, bí sí Rotadáàmù lókè òkun. Nyá Idalina ni ìyá ìsàmì. Àlùfáà ti gbà pé kó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà lórí fóònù, bí wọ́n bá sáà ti ń rí ojú rẹ̀. Ó ti rán aṣọ funfun. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí fóònù láìfi ihò imú han ayé. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló kù, èyí tó wà nílé rẹ̀ sì ti kú láti ìgbà òjò.

"Ẹ lọ tò sórí ìlà nílé iṣẹ́ wọn, Nyá," Bibiana aládùúgbò rẹ̀ sọ láti orí ògiri. "Mo tò, wọ́n sì wá tún tèmi ṣe."

"Kí n tò? Èmi opó Kapitán Firmino? Ẹni tó bá léèyàn nínú ilé kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Sanmira. Ọmọ ìsàmì ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Kapitán Firmino, tó wa ọkọ̀ ojú omi títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ẹni tó bá ní kó wá ṣe bàbá ìsàmì, pàápàá bí wọ́n bá ti gbé ọtí grógù sórí tábìlì. Gbogbo èbúté tó gúnlẹ̀ sí ló ti ní ọmọ ìsàmì. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ iye wọn, bàbá náà alára ò sì mọ̀ ọ́n.

Fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, Nyá wa. Láti Redemira ni o."

Ara obìnrin náà fẹ́ dìde dúró. "Redemira? Ẹ̀yin lẹ pè mí?"

"Adilson ni, mà. Kapitán ló ṣe bàbá ìsàmì mi. Mo gbọ́ pé wáyà yín kú, mo ní kò lè ṣẹlẹ̀ níṣojú mi."

"Adilson! Ṣé ìwọ lọmọ Mariquinha, ará Ponta?"

"Èmi gan-an ni, mà."

Ẹ gbọ́ ná o: Nyá Idalina fúnra rẹ̀ ló wá ìyá fún un. Ká ní ó bi í bóyá ọmọ Póòpù ni, "Èmi gan-an ni" náà ni ì bá gbọ́.

"Ẹsẹ̀ ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń san, mà, wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ wò ó, nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí. Ẹ kà á fún mi, kí n fi yín síwájú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà."

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Nyá Idalina wo fóònù títí. "Adilson, wọ́n kọ ọ́ síbí pé kí n má fún ẹnikẹ́ni o."

"Òótọ́ ni, Nyá. Àmọ́, ṣé èmi náà ni ẹnikẹ́ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó sì kà á fún un, ketekete, bí ẹni ń ka Bíbélì.

Nígbà tó ròyìn fún Bibiana, ẹ̀rín ni ìyẹn kọ́kọ́ rín. "Redemira pè yín? Fúnra wọn? Nyá, àwọn tí ò pe ààrẹ! Mariquinha wo tiẹ̀ ni? Obìnrin nìkan ni Mariquinha bí."

"Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú," Nyá Idalina fèsì, ó padà sídìí odó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń jẹ kashúpa rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Tolentino tó ń ṣe búrẹ́dì fi ẹkún wọlé. Bó ṣe rí i tí ẹnu rẹ̀ kún fún oúnjẹ, ẹkún náà dá.

"Nyá! Ẹ ò sí ní ọsibítù?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ fi ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ là yín níkùn! Ẹ ní ká fowó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà dókítà. Mo sì ti fi tèmi ránṣẹ́."

Kó tó di ọ̀sán, àgbàlá ti kún. Ẹgbẹ́ akọrin gbé adìyẹ àti àbẹ́là wá. Ìyá arúgbó kan tó gbé ọbẹ̀ aláìsàn dání wo Nyá Idalina láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Kò tiẹ̀ rù," ó gbé ọbẹ̀ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

"Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà fún un yẹn ni kọ́kọ́rọ́," Bibiana ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó ti fi í gbé orúkọ tẹ́ ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù tiẹ̀. Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n rò pé ẹ̀yin ni. Ẹ tètè pe Zulmira, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín."

Nyá Idalina pe ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Zulmira gbé ìpè náà, igbe ló fi ta. "Mọ́mì, ẹ wà láàyè! Mo ti fi gbogbo owó ìsàmì ránṣẹ́ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ sì ní àìsàn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣe é, pé kí n wá ìyá ìsàmì míì. Ìyá ọkọ mi ti gbà, àlùfáà sì ti fi orúkọ wọn sí i."

Nyá Idalina gbé fóònù sílẹ̀. Ìtìjú mú un, ó sì dùn ún wọnú egungun. Ní Àìkú, ó wọ aṣọ funfun náà, ó jókòó sí pálọ̀, kò sì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Ní Ajé, opó Kapitán lọ tò sí Redemira, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì fara balẹ̀ tẹ́tí sí i.

"Nyá, a kì í béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí Adilson kankan níbí. A kì í tiẹ̀ pe èèyàn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ìgbà wo la pè yín rí?"

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún ń fi yangàn!" ni Nyá Idalina fi dá a lóhùn. "Bẹ́ ẹ bá ń gbé fóònù, ṣé olè á ráyè bá yín pè wá?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó bá a gba orúkọ rẹ̀ padà, ó sì kọ́ ọ bó ṣe máa fi nọ́ńbà àṣírí kejì tì í pa. "Tírú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi ẹnu yín pe àwọn èèyàn yín lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá."

"Adilson kẹ̀?" ọkùnrin kan sọ lórí ìlà. "Èmi, ó ní ọmọ Àǹtí Filó lòun." Ẹlòmíì tún dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, ni ẹ̀rín bá tán.

Wọ́n tún wáyà náà ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, torí pé ó tò. Àwòrán ló kọ́kọ́ wọlé: ọmọ Zulmira nínú aṣọ funfun, lọ́wọ́ òyìnbó obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín. Nyá Idalina fọwọ́ kan ojú ọmọ náà lórí fóònù, ó sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Àmọ́ ẹ má ka nọ́ńbà tó bá wọ fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ orúkọ òkú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò, ẹ gbé fóònù tí ará ìlú ń pè. Ẹ jẹ́ ká sì yéé wá ẹ̀yìnkùlé gbà: kì í ṣe àwa nìkan la mọ ọ̀nà ibẹ̀, olè náà mọ̀ ọ́n.