Ojú Tí Wúrà Kò Yà

Ìjà ni Sàlíhátù bá lọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan Olúsànmí. Ó di ọwọ́ Wúrà, àbúrò rẹ̀, mú gírígírí, ó sì wọ inú kíláàsì láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ni tíṣà tó ní kí ọmọ kékeré máa jí osùn gbé?"

Osùn ni Sàlíhátù ń tà ní ọjà Pessu ní Warri, pẹ̀lú tìróò, làálì àti elu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí osùn inú igbá rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé oníbàárà rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló rí i lábẹ́ èékánná Wúrà. Ọmọ náà kò tilẹ̀ purọ́. "Na for Tíṣà," ló wí.

Olúsànmí dìde. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ọmọ apẹja létí omi, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pupa dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n Wúrà. Mo ní kí wọ́n mú ohun tó bá ní àwọ̀ wá láti ilé. N kò mọ̀ pé kò tọrọ rẹ̀."

Ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wọ ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ kún inú kíláàsì dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ọ̀dà. Olúsànmí bá ń fi omi sítáàṣì po osùn fún pupa, ó ń po elu fún àwọ̀ aró, ó ń lọ èédú fún dúdú. Páálí tí wọ́n dà nù ní pọ́ọ̀tù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, ni àwọn ọmọ ń ya àwòrán sí.

"N kì í yà á fún wọn, n kì í sì í tún tiwọn ṣe," ó ní. "Bí ọmọ bá ṣe rí nǹkan ni kó yà á. Tí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, èmi ni yóò máa wò, kò ní wo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́."

Sàlíhátù jọ̀wọ́ ọwọ́ Wúrà. Ó padà sọ́jà, inú sì ń bí i pé inú kò bí i mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Olúsànmí ti ń wá ra osùn fúnra rẹ̀. "Adúmáadán, ọjà á tà o," ni yóò wí, yóò sì dúró pẹ́ ju bí ẹni tó wá ra osùn ṣe ń dúró. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí kò bá tíì wá, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun Sàlíhátù. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kó àyà rẹ̀ sókè.

Àsìkò tí owó epo gbòde ní Warri ni. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá á gbé mọ́tò dé lónìí, àwọn aládùúgbò á sì máa bi ara wọn léèrè ta ni ó fi ṣe oògùn owó. Gbogbo ìyá ló ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ọkùnrin kan ń fi osùn tó pọ̀ tó báyìí ṣe?" Ràhímù, bàbá rẹ̀, ló bi í. Àlùbọ́sà ló ń tà nítòsí ìsọ̀ Sàlíhátù, ọmọ Ọ̀yọ́ paraku, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. "Ará etí omi ni, Sàlí, ẹ̀sìn wa kì í ṣe ẹ̀sìn rẹ̀."

"Àwòrán làwọn ọmọ ń fi í yà, Bàbá."

"Mo ti sọ fún yín nílé pé n kò fẹ́ àwòrán," ni Ràhímù dáhùn, ó sì kọjú sí àlùbọ́sà rẹ̀.

Sàlíhátù lọ fojú ara rẹ̀ wò ó ní ilé ìwé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá àwọn páálí lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀: apẹja, aláàárù, àwọn obìnrin ọjà. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní ojú. Obìnrin kan jókòó ti igbá osùn, pélé mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi ti Sàlíhátù, ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà sì pọ́n lọ gbalaja.

Sàlíhátù fà sẹ́yìn. Osùn òun, àwòrán òun. Àṣé kì í ṣe òun ló fẹ́ràn ọkùnrin yìí, wọ́n fi oògùn ṣe é sí òun lára ni.

Olúsànmí jáde sí i. "Ta lo yà síbẹ̀ yẹn?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Sàlíhátù pè é ní ìwọ.

"Èmi kọ́, Sàlí. Ọmọ kan ló yà á."

"Ọmọ wo? Kí ló dé tí kò lójú?"

"Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé wọn. Mo sì ṣèlérí fún un."

Sàlíhátù bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Olúsànmí tún wá sọ́jà, Sàlíhátù da aṣọ bo igbá, ó ní osùn ti tán. Lẹ́yìn tó lọ, ó fi ìborùn bojú, ó sunkún.

Òun nìkan kọ́ ló rí ògiri náà. Lucy, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń bá wọn gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù, kó àwọn ìyá jọ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n pe gbogbo òbí àti ọmọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ràhímù lọ, Sàlíhátù sì tẹ̀ lé e.

"Nobody for this wall get eye," Lucy ní. "Even my own pikin don dey draw am like that. Wetin una wan take our pikin eye do?"

Ọ̀gá ilé ìwé ní bí Olúsànmí kò bá sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀. Olúsànmí wo ilẹ̀. Sàlíhátù ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló rí níbẹ̀, bí kò ṣe ìbànújẹ́. Ọkùnrin yìí mọ orúkọ tó lè gbà á, kò sì fẹ́ dá a.

Ẹkún sọ láàárín àwọn ọmọ. Wúrà ni.

"Na me start am. Dem copy me because my own fine pass." Ó nu imú. "Baba talk say if I draw person, God go say make I give am life, and I no go fit. So I no put eye, make e no wake up. Tíṣà say make I leave am." Ó nàka sí obìnrin olósùn. "That one na my Àǹtí."

Gbogbo ojú yí sí Ràhímù. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Na me teach am," ó sọ fún wọn. "No be teacher." Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó wo àwòrán náà títí. "Sàlí ni lóòótọ́." Ó yíjú sí Olúsànmí. "Wọ́n fẹ́ lé ọ, o kò sì dárúkọ rẹ̀."

"Ó bẹ̀ mí, Bàbá. Ìyà yín ló ń bẹ̀rù."

Ràhímù fa Wúrà mọ́ra, wọ́n lọ.

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí Olúsànmí máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn èèyàn sì tú ká. Sàlíhátù nìkan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo rò pé o fi osùn mi mú mi ni."

"Oògùn náà ti wá tú báyìí?"

"Kò tú," ó ní, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Àṣé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ràn rẹ."

Ó pẹ́ kí Ràhímù tó gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ bínú, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ọmọ fún onígbàgbọ́. "N kò sí ní kíláàsì rẹ̀, kò sì yí Wúrà lọ́kàn padà kúrò nínú ohun tí mo kọ́ ọ," ló dá wọn lóhùn. "Kò ní yí Sàlí náà lọ́kàn padà lẹ́yìn mi."

Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn Ìlàjẹ gbé wá mú ìyàwó. Wúrà gbé páálí kan jáde: ọkùnrin kan, obìnrin kan, kò sẹ́ni tó lójú. Lucy, tó wá bá wọn yọ̀, bi í pé ta nìwọ̀nyí.

Ràhímù ló dáhùn. "See the mark, na Sàlí. See the red hand, na the husband." Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa gbé e lọ, òun kò gba àwòrán nínú ilé òun.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé inú ọkọ̀, tó sì bọ́ agbádá rẹ̀ bò ó kí omi má baà ta sí i.