Dírípà Méjì àti Àpò Òwú Kan

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ. Síbẹ̀, ó tó láti ba ayé ènìyàn méjì jẹ́. Jọ̀wọ́, kà á dé òpin.

Ní ìlú Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Pobẹ̀, aránṣọ kan wà tí ń jẹ́ Rodolphe. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ń gbé aṣọ wá fún un. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ ohun mìíràn ju ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Kì í mutí. Kì í jalè. Bí o bá bi í léèrè, yóò sọ fún ọ pé ẹni rere ni òun.

Ṣùgbọ́n Rodolphe ní ìlara. Ẹni tí ó ń jowú ni Désiré, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, tí ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Àwọn méjèèjì ń mu sìgá oníbátìrì. Irú èyí tí wọ́n ń mu ní orí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dírípà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn lọ́ wáyà. Wọ́n á ki òwú bọ àárín wáyà náà, wọ́n á kán omi olóòórùn dídùn sí òwú, iná bátìrì á sì sọ ọ́ di èéfín. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí agogo ìsìn bá ń dún, wọ́n á pàdé lábẹ́ igi máńgòrò láti wo ẹni tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Désiré ni ó máa ń borí. Ọwọ́ tí ó ti mọ inú fóònù kò ní ìṣòro pẹ̀lú wáyà.

Rodolphe gbà pé kì í ṣe ọwọ́, pé dírípà Désiré ló dára ju tòun lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun lọ sí Kútọnu láti yan tuntun. Désiré ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, ó sì bá a lọ.

Ẹni tó ń tà á gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan dúdú, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Èkejì ń dán bíi wúrà.

“Mú dúdú yìí,” ni Désiré wí. “Wo inú rẹ̀, ó jìn, omi kò ní tètè kún un. Ihò tí wáyà ń wọ̀ fẹ̀, o kò ní bá a jà. Ẹ̀gbẹ́ lókè ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Èyí tó ń dán yìí, ìsàlẹ̀ ni ihò rẹ̀ wà, inú rẹ̀ kò sì jìn. Á máa jò sí ọ lára.”

“Èmi aránṣọ, ohun tó dúdú bí ìdí ìkòkò ni o fẹ́ kí n máa gbé kiri?”

“Ẹnu lo fi ń mu ún, Rodo. Ojú kọ́.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, Rodolphe ń sọ pé: Kò fẹ́ kí n bá òun dọ́gba. Èyí tí kò dára ló ń tì sí mi lọ́wọ́. Ó sanwó, ó mú èyí tó ń dán.

Kíyè sí i, ọ̀rẹ́ mi. Ìmọ̀ràn rere ni wọ́n fún un. Ìlara ló sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀ létí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, dírípà náà jò. Omi rẹ̀ ṣàn sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun, lójú gbogbo wọn.

“Rodo!” ni ẹnìkan kígbe. “Sáré lọ fún ọmọ lọ́mú, wàrà ti ń dànù o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Désiré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ áńkáṣíìfù rẹ̀, ó sì nà án sí i. Áńkáṣíìfù yẹn dun Rodolphe ju ẹ̀rín gbogbo wọn lọ.

Láti oko bàbá Rodolphe ní Adakplamè ni òwú tí gbogbo wọn ń lò ti ń wá, nítorí èyí tí wọ́n ń tà ní Kútọnu wọ́n. Désiré ló kọ́ wọn bí a ṣe ń sè é nínú omi nígbà mẹ́ta, kí a tó sá a sóòrùn. Rodolphe ló ń sè é, òun ló sì ń pín in. Kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rẹ́ ló fún wọn.

Àpò òwú kan wà ní igun ahéré bàbá rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ìgò oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí oko ti fọ́ sórí rẹ̀. “Má dé ìdí àpò yẹn o,” ni bàbá rẹ̀ ti sọ. “Mo fẹ́ wá ibi tí màá rì í mọ́lẹ̀ sí.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Rodolphe dé ìdí àpò náà. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kò sè é, ó sì dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀. Ohun tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé: Mi ò ní pa á. Kó kàn wúkọ́ títí lójú wọn, kí wọ́n fi òun náà rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un.

“Àbí o ti wá dárí ọ̀rọ̀ Kútọnu jì mí?” ni Désiré bi í, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ó ti tán,” ni Rodolphe wí.

Òórùn omi tí Désiré kán sí i bo òórùn oògùn mọ́lẹ̀. Ó borí lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́wọ́ nígbà tí ó gbé sìgá náà sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn nínú ọyẹ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdúró. Mímí rẹ̀ le. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí zémíjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, ó di ilé ìwòsàn.

“Kí ló fà sínú?” ni dókítà bi àwọn tó tẹ̀ lé e. “Ẹ sọ òótọ́, kí n lè mọ oògùn tí màá fún un.”

Wọ́n ní èyí tí gbogbo àwọn ń mu náà ni. Dókítà yíjú sí Rodolphe. “Ìwọ ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀,” ni Rodolphe wí.

Aago méjìlá ọ̀sán ni. Bàbá Désiré ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé láti ilé ìsìn, ìwé orin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ Rodolphe mú, ó ní, “O ṣeun tí ẹ gbé e wá, ọmọ mi.”

Rodolphe padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Káfíńtà kan ń jẹ́ Akíndé, ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Rodolphe fara kan ara wọn. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Akíndé nígbà kan kí Jésù tó gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó ti bá Rodolphe sọ̀rọ̀ Olúwa, èsì kan náà ni ó sì ń gbà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mutí. Èmi ò mutí.” Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, Akíndé kan ilẹ̀kùn.

“Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ wà nílé ìwòsàn, o sì wá ti ara rẹ mọ́lé. Kí lo ṣe, Rodo?”

Rodolphe ṣí ilẹ̀kùn fún un. Lẹ́yìn náà, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Akíndé kò pariwo. “Ṣé o mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fa Jésù lé àwọn tó kàn án mọ́ igi lọ́wọ́?” ni ó wí. “Ìlara ni. Rere tó ń ṣe ló ń dùn wọ́n. Irú ọwọ́ tí o fi gbé òwú fún Désiré ni wọ́n fi fà á kalẹ̀. Ó mọ̀, ó sì kú fún wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á mú mi.”

“Wọ́n á mú ọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n dókítà ò mọ ohun tó ń wò.”

Rodolphe kúnlẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. “Olúwa Jésù,” ni ó wí, “èmi ni. Kì í ṣe òwú, kì í ṣe èéfín. Èmi ni. Ṣàánú mi.” Kò tíì sọ “èmi ni” nípa ibi kankan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó dìde, ó sáré, kò dúró wá zémíjàn.

Aago mẹ́rin ni ó dé ilé ìwòsàn. Dókítà gbọ́, ó yí oògùn padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó ṣe é tán, ó sọ láìwo ojú rẹ̀ pé, “Ọ̀sán ló yẹ kí n ti gbọ́ èyí.”

Ní ọjọ́ Ajé, Désiré la ojú. Ọlọ́pàá gbà kí Rodolphe wọlé ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

“Mo rò pé èyí tí kò dára lo yàn fún mi,” ni Rodolphe wí, ó ń sunkún.

Désiré mí, ó tún mí. “Rodo. Dúdú yẹn… irú rẹ̀ ni tèmi. Ọ̀dà dúdú ara tèmi ló ti bó.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n wò ó lẹ́yìn náà, irú kan náà ni.

Désiré kú ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Èmi kò mọ gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti Olúwa rẹ̀ ní ọjọ́ méjì náà. Mo gbọ́ tí ó ń pe orúkọ Olúwa. Mo di èyí mú.

Èmi ni bàbá Désiré náà. Kò sí ọmọkùnrin mìíràn tí mo bí.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Rodolphe wà. Bàbá Rodolphe ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀. Mo jowú rẹ̀. Mo jowú àgbẹ̀ aláìṣẹ̀ yẹn nítorí pé ó ní ọmọ tí yóò gbé oúnjẹ fún. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú Rodolphe wà nínú èmi náà, èmi tí mo ti ń kọ orin nílé ìsìn láti ogójì ọdún. Orí ìdúró ni mo ti sọ fún Olúwa pé, èmi ni.

Mo wọlé. Mo sọ fún Rodolphe pé mo dárí jì í. Ó ṣòro fún mi. Ó ṣì máa ń ṣòro lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá. Ẹ má fi orúkọ mi pa mọ́.” Ìdí nìyí tí ìwé yìí fi wà lọ́wọ́ rẹ.

Nísinsin yìí, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni ẹni tí rere rẹ̀ ń dùn ọ́? Ìmọ̀ràn ta ni o sọ di ọ̀tẹ̀ nínú ọkàn rẹ? Má sọ fún mi pé o kì í mutí. Jésù tí wọ́n torí ìlara pa wà láàyè, ó sì ń gba onílara.

Láti ọ̀sán títí di aago mẹ́rin ni Rodolphe fi dákẹ́. Olúwa dárí jì í, èmi náà sì dárí jì í, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá wákàtí mẹ́rin yẹn padà fún ọmọ mi. Wo aago tó wà níwájú rẹ. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà yìí, kí o sọ fún Jésù pé, “Èmi ni.” Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀ lónìí, nígbà tí ó ṣì ń mí.